Bí a ṣe lè ran olùkọ́ yunifásítì lọ́wọ́ kí ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ lè wúlò fún àwọn ọmọ wa

Ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ yunifásítì la mú wá lónìí. Ẹlòmíràn lè ní, kí ló kan àwa tá a wà lóko nínú bí ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ń lo kọ̀ǹpútà lọ́hùn-ún ní Kútọnu? Ó kàn wá gan-an ni.

Yunifásítì ìjọba mẹ́rin ló wà ní ilẹ̀ Bénin: Université d'Abomey-Calavi tó wà lẹ́bàá Kútọnu, Université de Parakou, UNSTIM ti Abomey, àti Université Nationale d'Agriculture tó ní ọgbà ní Kétu. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń lọ tí wọ́n bá ti gba BAC. À ń ta àgbàdo, à ń ta epo, à ń dá èésú, ká tó rí owó ilé àti owó oúnjẹ wọn san. Nígbà tí ọmọ bá wá débẹ̀ tán, apá kan nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ á máa gba inú fóònù wá bá a. Bí olùkọ́ rẹ̀ ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ kọ́ni, àkókò ọmọ náà àti owó wa ló ń ṣòfò. Bó bá sì mọ̀ ọ́n, ọmọ tó wà ní Pobẹ̀ lákòókò ìsinmi lè máa kẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni tó wà ní Calavi.

Ohun tá a fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí kò pọ̀. Ríra ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ìrànlọ́wọ́. Olùkọ́ la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́, ká fún un ní àkókò, kó sì máa rántí akẹ́kọ̀ọ́ tó jìnnà sí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì jù lọ nígbà tó bá ń pèsè ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ wo là ń sọ?

Tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀rọ ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n pátákó àti ṣọ́ọ̀kì pàápàá, irinṣẹ́ ìkọ́ni ni wọ́n. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn inú amphi, irinṣẹ́ ni. Ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán hàn lára ògiri, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní vidéoprojecteur, irinṣẹ́ ni òun náà. Fóònù tó wà lápò akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára wọn.

Àwọn ohun mìíràn tún wà tí a kì í fojú rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ni ẹgbẹ́ WhatsApp tí aṣojú kíláàsì, ìyẹn responsable, máa ń dá sílẹ̀ tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ọdún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ pé olùkọ́ ń bọ̀ tàbí kò wá, ibẹ̀ náà ni ìwé ẹ̀kọ́ ti ń dé. Òmíràn ni ohun tí wọ́n ń pè ní plateforme. Ẹ rí i bí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì: olùkọ́ á kó ìwé, ohùn, ìbéèrè àti iṣẹ́ àṣetiléwá síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, á ka ìwé, á dáhùn ìbéèrè, olùkọ́ á sì rí ẹni tó ṣe iṣẹ́ àti ẹni tí kò ṣe é.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù lára wọn ni Moodle. Ọ̀fẹ́ ni, yunifásítì èyíkéyìí lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Martin Dougiamas, ọmọ ilẹ̀ Australia, ló gbé e jáde ní 2002. Ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀, inú aginjù tó jìnnà sí ìlú ló gbé dàgbà, rédíò ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ níwèé nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹ ò rí i pé ẹni tó mọ ìyà ọ̀nà jíjìn ló ṣe é.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu

Ní 1970 ni wọ́n dá yunifásítì àkọ́kọ́ sílẹ̀ nílẹ̀ wa, nígbà tí orílẹ̀-èdè ṣì ń jẹ́ Dahomey. Òun ló di Université Nationale du Bénin, tó sì wá di Université d'Abomey-Calavi ní 2001. Láyé ìgbà yẹn, ẹnu olùkọ́, pátákó àti ìwé tí wọ́n tẹ̀ ni gbogbo irinṣẹ́. Ní 1995, nígbà tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé pàdé ní Kútọnu, íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilẹ̀ wa. Lọ́dún 2002, okùn abẹ́ òkun tí wọ́n ń pè ní SAT-3 gúnlẹ̀ sí Kútọnu, íntánẹ́ẹ̀tì sì wá yára díẹ̀ sí i.

Kí okùn yẹn tó dé pàápàá, wọ́n ti ń gbìyànjú. Ní 1997, Báńkì Àgbáyé gbé ètò kan kalẹ̀ tó ń jẹ́ Université Virtuelle Africaine, yunifásítì Bénin sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà yẹn ni pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan á máa sọ̀rọ̀ ní òkè òkun, sátẹ́láìtì á gbé àwòrán rẹ̀ wá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Áfíríkà á jókòó máa wò ó. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tiwa ńkọ́? Kí ni ipa tirẹ̀ nínú rẹ̀? Ìbéèrè yẹn pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn, nígbà tó sì yá, ètò náà yí padà, wọ́n jẹ́ kí àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Áfíríkà máa kọ ẹ̀kọ́ náà fúnra wọn.

Ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ti ṣe bẹbẹ ní Kútọnu ni Agence universitaire de la Francophonie, AUF, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tó ń lo Faransé. Montréal ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1961. AUF ṣí Campus numérique sí Kútọnu, níbi tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti lè rí kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì lò nígbà tí kò sí i nílé ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan kalẹ̀ fún àwọn olùkọ́ tí wọ́n pè ní ateliers Transfer. Apá kan nínú rẹ̀ dá lórí bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ kọ́ni àti bí wọ́n ṣe ń pèsè ẹ̀kọ́ fún ẹni tí kò sí nítòsí. Ẹ kíyè sí i o: olùkọ́ ni wọ́n kó jókòó níbẹ̀, pé kó wá kẹ́kọ̀ọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 2020 dé pẹ̀lú àrùn kòrónà. Ìjọba fi ààlà yí Kútọnu, Calavi àti àwọn ìlú kan ká, ilé-ẹ̀kọ́ tì, wọ́n sì ní kí yunifásítì máa bá ẹ̀kọ́ lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó yẹ kí wọ́n fi ọdún púpọ̀ múra sílẹ̀ fún, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ní láti fi ṣe é. Ìgbà yẹn ni gbogbo wa rí i pé níní fóònù kò túmọ̀ sí pé ọmọ ń kẹ́kọ̀ọ́, àti pé níní kọ̀ǹpútà kò túmọ̀ sí pé olùkọ́ mọ bó ṣe máa fi kọ́ni.

Ohun tí tẹlifíṣọ̀n Bouaké kọ́ wa

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ilẹ̀ Áfíríkà ti máa gbé ẹ̀rọ síwájú olùkọ́. Àwọn àgbà tó ti ṣe iṣẹ́ ní Côte d'Ivoire lè rántí. Ní 1971, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹlifíṣọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bouaké ni wọ́n ti ń ṣe ètò náà. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n lọ sí abúlé tí kò ní iná, bátìrì ni wọ́n fi ń gbé e ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ́ kan náà ń dé kíláàsì púpọ̀ ní wákàtí kan náà.

Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá, wọ́n pa á tì. Owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn òbí ń ráhùn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò sì fẹ́ràn rẹ̀, torí tẹlifíṣọ̀n ló ń kọ́ni, àwọn kàn wà níbẹ̀ bí olùtọ́jú ẹ̀rọ. Tí ọmọ kan kò bá gbọ́ ohun tí tẹlifíṣọ̀n sọ, tẹlifíṣọ̀n ò lè dúró dè é. Olùkọ́ tó lè dúró dè é, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ṣì wúlò títí dòní. Ọkọ́ tó mú kì í dá oko ro. Bí wọ́n bá ra vidéoprojecteur ọgọ́rùn-ún fún yunifásítì, tí ẹni kan ò jókòó ti olùkọ́ láti kọ́ ọ bó ṣe máa lò ó fún ẹ̀kọ́ tirẹ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ẹ̀rọ náà máa sùn sí.

Ìmọ̀ mẹ́ta tí olùkọ́ nílò

Kí wá ni olùkọ́ ní láti mọ̀? Ní 2006, àwọn olùwádìí méjì ní Michigan State University ní Amẹ́ríkà, Punya Mishra àti Matthew Koehler, kọ ìwé kan tí àwọn tó ń dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ń lò káàkiri ayé. Wọ́n ní ìmọ̀ mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé. Àkọ́kọ́ ni ìmọ̀ iṣẹ́ tí olùkọ́ ń kọ́ni. Ìkejì ni ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Ìkẹta ni ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹni tó ní ọ̀kan láìní èyí tó kù, iṣẹ́ rẹ̀ ò ní dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká fi gbágùúdá ṣàlàyé ẹ̀, torí gbogbo wa la mọ gbágùúdá. Ká ní olùkọ́ kan fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ nípa àrùn mósáíìkì, èyí tó ń mú kí ewé gbágùúdá ní àbàwọ́n yẹ́lò kó sì ká kò. Ó mọ̀ pé kòkòrò funfun kékeré kan àti igi gbágùúdá tó ti ní àrùn tí a tún gbìn ló ń tàn án kálẹ̀. Ìmọ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Bó bá kàn kọ ọ́ sórí ògiri pẹ̀lú vidéoprojecteur, tó sì kà á síta fún wọn, ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ni akẹ́kọ̀ọ́ rí kọ́?

Olùkọ́ tí ìmọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lórí rẹ̀ á ṣe é lọ́nà mìíràn. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ sílé, á ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọ oko bàbá rẹ̀ tàbí ti aládùúgbò, kó ya fọ́tò ewé gbágùúdá márùn-ún, kó kọ orúkọ abúlé àti ọjọ́ sí i, kó sì bi àgbẹ̀ náà níbi tó ti rí igi tó gbìn. Wọ́n á fi fọ́tò ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp. Nígbà tí wọ́n bá padà dé kíláàsì, fọ́tò yẹn ni wọ́n á jọ máa wò: èwo ló ní àrùn, èwo ló jẹ́ pé ilẹ̀ ni kò dára, kí ló dé tí abúlé yìí ní in ju ìyẹn lọ? Fóònù lásán ni wọ́n lò. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣiṣẹ́, àgbẹ̀ náà sì ti jèrè nínú rẹ̀.

Amphi tó kún fọ́fọ́

Ọ̀rọ̀ gbágùúdá yẹn rọrùn fún kíláàsì kékeré. Ní Calavi, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní lè kún amphi débi pé ẹni tí kò tètè jí kò ní rí àyè jókòó. Kí ni olùkọ́ lè ṣe níbẹ̀ ju kó máa sọ̀rọ̀ lọ?

Ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì kan ní Harvard, Eric Mazur, bá irú ìṣòro yìí pàdé. Ó rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè ṣe ìṣirò inú ìwé dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá bi wọ́n ní ìbéèrè kékeré tó fi hàn bóyá ó yé wọn, ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í. Láti 1991, ó yí bó ṣe ń kọ́ni padà. Ó máa ń ṣàlàyé fún ìgbà díẹ̀, á wá fi ìbéèrè kan hàn pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́rin. Oníkálukú á dá ronú, á sì mú ìdáhùn kan. Bí àwọn tó gbà á bá wà láàárín ìdá mẹ́ta sí ìdá méje nínú mẹ́wàá, á ní kí wọ́n yíjú sí ẹnìkejì wọn, kí wọ́n jiyàn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n tún mú ìdáhùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà kejì, àwọn tó gbà á máa ń pọ̀ sí i gan-an, torí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ló mọ ibi tó ta kókó fún ẹnìkejì rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n ń lo ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń tẹ̀ láti mú ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò nílò ẹ̀rọ rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ lè na ìka kan, méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin síwájú àyà rẹ̀, olùkọ́ á sì wò yíká. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ lè sọ fún un nígbà mìíràn pé, ọ̀gá, ẹ gbé kọ̀ǹpútà tì, ìka ọwọ́ tó fún iṣẹ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ mẹ́gà, ọ̀rọ̀ iná

Ibi tí bàtà ti ń ta àwọn ọmọ wa lẹ́sẹ̀ jù nìyí. Olùkọ́ tó wà ní Kútọnu, tí íntánẹ́ẹ̀tì wà nílé rẹ̀, lè gba fídíò wákàtí kan sílẹ̀ kó fi ránṣẹ́. Fídíò bẹ́ẹ̀ lè jẹ mẹ́gà 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ohùn nìkan ni, bíi ti WhatsApp, wákàtí kan lè má ju nǹkan bíi mẹ́gà 10 lọ. Ìwé ojú ewé ogún tí kò ní àwòrán, ó sábà máa ń kéré sí mẹ́gà kan. Ẹ̀kọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ wo bí iye tó ń ná akẹ́kọ̀ọ́ ṣe jìnnà síra. Ọmọ tó ń ra fọ́fẹ́ kékeré ní Pobẹ̀, fídíò kan lè jẹ owó ọ̀sẹ̀ kan rẹ̀ tán.

Torí náà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n kọ́ olùkọ́ nìyí: ìwé ṣáájú, ohùn tẹ̀ lé e, fídíò kẹ́yìn, fídíò náà kò sì gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Fídíò wúlò fún ohun tí ojú gbọ́dọ̀ rí, bíi bí wọ́n ṣe ń lẹ́ igi ọsàn tàbí bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ inú láábù. Kò sí ìdí láti fi fídíò gbé ẹni tó kàn jókòó tó ń ka ìwé.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní í jẹ mẹ́gà. Moodle ní èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù: akẹ́kọ̀ọ́ lè kó ẹ̀kọ́ sínú fóònù rẹ̀ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà, kó wá máa kà á nílé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Kiwix náà wà láti 2007, ọ̀fẹ́ ni. Ó ń jẹ́ kí a kó ìwé ìmọ̀ Wikipedia sínú káàdì fóònù, ti Faransé tàbí ti Yorùbá, ká sì máa kà á lóko. Bluetooth tún wà: ẹnì kan gba ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó fi ránṣẹ́ sí fóònù àwọn mẹ́wàá tó kù láìsan nǹkan kan. Olùkọ́ tó bá mọ̀ pé àwọn ọ̀nà yìí wà, á pèsè ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́nà tí wọ́n fi lè pín in kiri.

Ìrànlọ́wọ́ tó ń jẹ́ ìrànlọ́wọ́

Báwo wá ni wọ́n ṣe lè ran olùkọ́ lọ́wọ́? A ní àpẹẹrẹ kan nílẹ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Orúkọ rẹ̀ ni IFADEM. AUF àti àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ló gbé e kalẹ̀, Bénin sì wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, pẹ̀lú Burundi, Haiti àti Madagascar. Wọn ò ju kọ̀ǹpútà lé olùkọ́ lórí. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, pẹ̀lú ohùn tó lè gbọ́. Wọ́n fún un ní ẹnì kan tó ń tọ́ ọ sọ́nà nítòsí. Wọ́n ń pàdé lójúkojú láti ìgbà dé ìgbà. Kọ̀ǹpútà wà, ṣùgbọ́n ara iṣẹ́ ni, kì í ṣe òun ni gbogbo iṣẹ́.

Àwọn ohun márùn-ún ló yẹ kí yunifásítì mú nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìkíní, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣòro olùkọ́, kì í ṣe láti orí ẹ̀rọ. Kí wọ́n bi í pé: ibo ni ẹ̀kọ́ rẹ ti ń le fún àwọn ọmọ? Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó wá irinṣẹ́ tó bá a mu.

Ìkejì, kí ẹnì kan wà nítòsí rẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì nínú gbọ̀ngàn olóyẹ́ dára, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, tí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ níwájú akẹ́kọ̀ọ́ rẹpẹtẹ, ta ni olùkọ́ máa pè? Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti mọ̀ ọ́n nínú ẹ̀ka kan náà ló dára jù, torí kò ní tì í lójú láti bi í.

Ìkẹta, kí wọ́n fún un ní àkókò àti iyì. Pípèsè ẹ̀kọ́ tó dára sórí íntánẹ́ẹ̀tì ń gba àkókò púpọ̀. Àwọn olùkọ́ wa sì ń gba ipò lọ́wọ́ CAMES, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968 tó wà ní Ouagadougou. Ìwé ìwádìí tí olùkọ́ kọ ló ń wúwo jù nínú rẹ̀. Ẹni tó fi oṣù mẹ́ta pèsè ẹ̀kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i pé ẹlẹgbẹ́ òun tó kọ ìwé ìwádìí ti ṣáájú òun. Bí yunifásítì bá fẹ́ kí olùkọ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ó gbọ́dọ̀ kà á sí iṣẹ́, kó dín wákàtí rẹ̀ kù tàbí kó san án fún un.

Ìkẹrin, ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Sáà yìí, kí olùkọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìbéèrè márùn-ún sórí Moodle. Tó bá mọ̀ ọ́n tán, sáà tó ń bọ̀, kó kọ́ òmíràn. Ẹni tí wọ́n bá kó irinṣẹ́ mẹ́wàá fún lọ́jọ́ kan, kò ní lo ọ̀kan.

Ìkarùn-ún, kí wọ́n padà wá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ǹjẹ́ ó dé ọ̀dọ̀ yín? Ǹjẹ́ ẹ rí i ṣí? Ṣé ó yé yín? Láìsí ìbéèrè yẹn, olùkọ́ á rò pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ìdajì kíláàsì ò sí níbẹ̀.

Tí wọ́n bá ṣe èyí, olùkọ́ kì í dúró sójú kan. Ní Ifẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Nàìjíríà, Obafemi Awolowo University bá MIT ti Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún 2005 lórí ohun tí wọ́n ń pè ní iLab. Akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kó máa fi íntánẹ́ẹ̀tì lo ẹ̀rọ láábù gidi tó wà níbòmíràn. Kò pẹ́ tí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn fúnra wọn. Wọ́n yan ohun tí pátákó ò lè ṣe, wọ́n sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́

Àwọn àṣà kan wà tó yẹ kí olùkọ́ jáwọ́ nínú wọn. Kíka ohun tó wà lára ògiri síta lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kì í ṣe ìkọ́ni. Dída ìwé mẹ́wàá sórí WhatsApp lóru mọ́jú ìdánwò, ìyẹn náà ò dára. Ìwé á bọ́ sáàárín ìkíni àti àwàdà, ẹni tí kò ní mẹ́gà lálẹ́ ọjọ́ náà á sì pàdánù rẹ̀. Pípe ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní wákàtí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé iná ń lọ, láìfi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò lè wá, ń ya àwọn ọmọ abúlé sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ tuntun kan tún ti wọlé. Láti òpin 2022 tí ChatGPT ti jáde, akẹ́kọ̀ọ́ lè ní kí ẹ̀rọ kọ iṣẹ́ àṣetiléwá fún òun. Ìbínú nìkan ò lè yanjú rẹ̀. Olùkọ́ tí wọ́n ti ràn lọ́wọ́ á yí ìbéèrè rẹ̀ padà: dípò kó ní kí wọ́n kọ ojú ewé mẹ́ta nípa gbágùúdá, á ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí nínú oko tí wọ́n wọ̀, kí wọ́n sì wá fi ẹnu ara wọn ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ̀rọ ò wọ oko bàbá ẹnikẹ́ni.

Ohun tí àwa ará ilé lè ṣe

Àwa kọ́ ló ń darí yunifásítì, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ò ṣófo. Ní Senegal, nígbà tí wọ́n dá yunifásítì orí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní 2013, wọ́n ṣí ilé kọ̀ǹpútà sí àwọn ìlú káàkiri, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì láìlọ sí Dakar. Abúlé kan ò lè kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè ní yàrá kan ní ilé-ìwé tàbí ní ilé àwọn ọ̀dọ́ tó ní iná oòrùn, níbi tí ọmọ lè jókòó ka ìwé kó sì fi iná sí fóònù rẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Kútọnu lè dá owó jọ fún un.

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá, tí ọmọ yunifásítì bá wà nílé, ẹ bi í pé wákàtí wo lẹ̀kọ́ rẹ, kẹ́ ẹ má sì rán an lóko nígbà yẹn. Tó bá tẹ ojú mọ́ fóònù, ẹ má tètè sọ pé eré ló ń ṣe. Ẹ ní kó ṣàlàyé ohun tó kọ́ fún yín ní Yorùbá. Bó bá lè ṣàlàyé ẹ̀ kó yé yín, ó ti mọ̀ ọ́n. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ bi í bóyá ó ti bi olùkọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́. Ẹ gba ọ̀dọ̀ responsable yín, kẹ́ ẹ sọ fún olùkọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: ọ̀gá, fídíò yìí wúwo, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún wa ní ohùn àti ìwé, àwa mẹ́wàá la wà lábúlé tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kò mọ̀, torí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn rí. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ná yín ní nǹkan kan, ó sì lè jẹ́ kí gbogbo kíláàsì rí ẹ̀kọ́ náà gbà.